Ètò Sátidé tí mo fi ọmọ mi sí kó tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì: ṣé $1,450 yẹn tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń wọ kíláàsì 12 ní Maryland níbí, ẹ wá gbọ́ o. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí lórí WhatsApp pé ètò Sátidé tí mo fi ọmọ mi obìnrin sí nígbà yẹn, ṣé ó dáa, ṣé owó ẹ̀ ò pọ̀ jù, ṣé wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Mo ti fi voice note dá èèyàn bíi mẹ́jọ lóhùn, ọ̀fun mi ti fẹ́ gbẹ, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí gbogbo yín kà á. Mi ò ní dárúkọ wọn o, torí ibì kan ń bọ̀ tí màá ti bú wọn díẹ̀, èmi pẹ̀lú wọn sì ṣì ń pàdé níbi ìnáwó.

Bó ṣe rí nìyí. Láti August 2024 títí dé May 2025, gbogbo Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán, nínú ọ́fíìsì kan tó wà lókè báǹkì. Àwọn ọmọ bíi ogún ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ọmọ Nàìjíríà, tó kù ọmọ Ghana, ọmọ Cameroon, ọmọ Ethiopia méjì. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ní àwọn máa kọ́ wọn: bí wọ́n ṣe ń wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, bí wọ́n ṣe ń wá sikọ́láṣíìpù, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ọmọ ń ṣe fún ìlú, àti bí èèyàn ṣe ń wáṣẹ́. $1,450 ni, ẹ lè san án lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ tí October bá ti kọjá wọn ò ní dá kọ́bọ̀ padà fún yín. Nígbà tí mo sọ iye ẹ̀ fún bàbá wọn, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní ṣé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìwé míì fún ọmọ yẹn ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi san án. Èmi JAMB ni mo ṣe. O jókòó, o kọ ìdánwò, máàkì ẹ jáde, ó tó tàbí kò tó, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ti ibí yìí ò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn ilé ìwé, wọ́n fẹ́ kí tíṣà kọ lẹ́tà nípa ìwà ẹ̀, wọ́n fẹ́ kó kọ ẹ́sè nípa ara ẹ̀, wọ́n tún fẹ́ mọ iye tó ń wọlé fún bàbá ẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ ilé ìwé ẹ̀ ṣèèyàn gan-an, àmọ́ ọmọ tó wà lọ́rùn obìnrin yẹn ti pọ̀ jù, tẹ́ ẹ bá rí i fún ogún ìṣẹ́jú lóṣù kan, ẹ ti ríre. Ẹ̀rù ń bà mí pé nǹkan kan á kọjá lójú mi torí pé mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà, ọmọ ló sì máa jìyà ẹ̀. Ẹ̀rù yẹn ni mo sanwó lé lórí, ká má purọ́.

Tó bá jẹ́ ti kàlẹ́ńdà, wọ́n gbìyànjú. Sátidé àkọ́kọ́ ni wọ́n ti fún ọmọ ní bébà kan, wọ́n fún òbí náà ní tiẹ̀, gbogbo dẹ́dìláìnì ló wà níbẹ̀. Ẹ má fojú kéré bébà yẹn o, títí di òní ó ṣì wà lára fíríìjì mi. Èmi rò tẹ́lẹ̀ pé November 1 tí wọ́n ń pè ní Early Action, ìyẹn dẹ́dìláìnì àwọn tó ń tètè kọ̀wé, ní University of Maryland, College Park, ti àwọn tí ara ń ta ni, pé èèyàn lè fara balẹ̀ di January. Irọ́ ni mo pa fún ara mi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n wo ọmọ yín fún sikọ́láṣíìpù Banneker/Key àti àwọn ètò pàtàkì wọn, November 1 yẹn lẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. March 1 ni ti owó ìrànwọ́ tí ìpínlẹ̀ Maryland ń fún ọmọ, ìyẹn náà wà níbẹ̀. May 1 ni ọjọ́ tí ọmọ máa sọ ibi tó ń lọ. Wọ́n tún máa ń fi téèsì ránṣẹ́ sí èmi àti ọmọ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá sí i, ọjọ́ méje sí i, ọjọ́ méjì sí i. Téèsì ọjọ́ méjì yẹn gbà wá lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

SAT wọn, ìyẹn ìdánwò tí ọmọ ń ṣe kó tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ò dáa. Láti March 2024 ni SAT ti di orí kọ̀ǹpútà pátápátá ní Amẹ́ríkà, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni, bí ọmọ bá ṣe ṣe apá kìíní ló máa pinnu bóyá apá kejì máa le tàbí kò ní le. Ẹ wá gbọ́, ìwé gbàgùdù tí wọ́n fi ń kọ́ wọn jẹ́ ti ayé bébà, ti wákàtí mẹ́ta! Ọmọ mi ló fi ọ̀rọ̀ náà tó mi létí, ó ní Mọ́mì, ohun tí wọ́n ń kọ́ wa yìí ò sí mọ́. Ó kúkú lọ gbé Bluebook sórí kọ̀ǹpútà ẹ̀, ìyẹn áàpù tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò yẹn gan-an, ìdánwò ìdánrawò wà níbẹ̀, Khan Academy náà wà, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó torí SAT nìkan, ẹ tọ́jú owó yín.

Ibi tí owó mi ti padà wọlé ni Sátidé FAFSA, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí ìjọba àpapọ̀ fi ń mọ owó ìrànwọ́ tó tọ́ sí ọmọ. Màmá kan wà níbẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan kó tó fẹ̀yìn tì, Màmá FAFSA làwọn ọmọ ń pè wọ́n. Wọ́n ní kí gbogbo òbí gbé ìwé owó orí ti 2023 wá, kó gbé fóònù ẹ̀ wá, kó sì rí i pé òun mọ páàsìwọ́ọ̀dù íméèlì òun. Ẹ̀yin ará, ìdajì àwọn tó wá ò mọ páàsìwọ́ọ̀dù wọn. Bàbá wọn wà lára wọn.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì tiẹ̀ lórí StudentAid.gov, òbí náà gbọ́dọ̀ ní tiẹ̀, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ lo ti ara yín. Èmi ni mo ti fẹ́ fi íméèlì mi ṣí ti ọmọ, bí màmá yẹn ṣe gbá ọwọ́ mi kúrò lórí kọ̀ǹpútà nìyẹn, gbà! Lọ́dún tiwa, fọ́ọ̀mù náà pẹ́ kó tó ṣí fún gbogbo ayé, November 2024 ni, torí èyí tí wọ́n gbé jáde níparí December 2023 ti fojú àwọn èèyàn rí màbo, wọ́n wá ní àwọn máa kọ́kọ́ dán tiwa wò. Tí kì í bá ṣe àwọn ará ètò yìí tí wọ́n ń ṣọ́ ọ lójoojúmọ́, èmi ì bá ti gbàgbé ẹ̀ pátápátá láàárín October sí November.

Ibi tí wọ́n ti bi mí pé ẹ mélòó lẹ wà nílé, mo ní mẹ́fà. Màmá yẹn ní ẹ kà wọ́n fún mi. Mo kà wá, mo ka ìyá mi tó wà n'Íbàdàn mọ́ ọn. Wọ́n ní ṣé ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń gbé. Mo ní rárá, àmọ́ èmi ni mo ń bọ́ wọn, èmi ni mo ń ra oògùn wọn, oṣooṣù ni mo ń fowó ránṣẹ́. Wọ́n ní mo mọ̀, mo mọ̀, gbogbo wa là ń fowó ránṣẹ́, àmọ́ ẹni tí kò bá gbé lọ́dọ̀ yín, FAFSA ò mọ̀ ọ́n. Inú bí mi, mo ń bá obìnrin yẹn jà bíi pé òun ló ṣòfin. Wọ́n fọwọ́ pa mí léjìká, wọ́n ní tí ẹ bá ti rí lẹ́tà owó gbà lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ wọn, ẹ ṣàlàyé ẹrù tó wà lọ́rùn yín, ẹ fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀, wọ́n láṣẹ láti tún un wò, wọ́n sì lè sọ pé àwọn ò wò ó. Ìyẹn nìkan, kò sẹ́ni tó tíì sọ ọ́ fún mi rí.

Bàbá àwọn ìbejì kan wà nínú yàrá ọjọ́ yẹn. Òun ti ṣírò ẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí ọmọ méjì ń wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n máa pín iye tí wọ́n retí lọ́wọ́ òun sí méjì. Bó ṣe rí láyé àtijọ́ nìyẹn lóòótọ́. Láti fọ́ọ̀mù ti 2024-25 ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò, iye ọmọ yòówù kẹ́ ẹ ní nílé ìwé gíga ò dín nǹkan kan kù mọ́ nínú ìṣirò wọn. Ọkùnrin yẹn fi ọwọ́ méjèèjì lérí, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi jáde. Àwa tó kù ń wolẹ̀. Mo rántí pé ìyàwó ẹnì kan fi omi inú ike fún un.

Nǹkan míì tó wúlò: ilé tí ẹ ń gbé, FAFSA kì í kà á mọ́ ohun ìní yín, àmọ́ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, pàápàá àwọn aládàáni, máa ń béèrè fọ́ọ̀mù kejì tó ń jẹ́ CSS Profile, ìyẹn máa tú ilé yín wò dáadáa. Pell Grant tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, tí èèyàn kì í dá padà, $7,395 ló pọ̀ jù fún ọdún yẹn. Àwa ò rí i gbà, owó tó ń wọlé fún wa ga jù ú lọ díẹ̀, díẹ̀ tó ń dunni yẹn.

Ó wá kan sikọ́láṣíìpù. Níbí ni ojú mi ti kọ́kọ́ lé sí wọn. Àwọn tó lókìkí ni wọ́n ń lé kiri. Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ kọ ti Coca-Cola Scholars, $20,000 ni fún ọmọ kan lóòótọ́, àmọ́ ọmọ 150 ni wọ́n ń mú nínú gbogbo Amẹ́ríkà. Ti Gates, ìwọ̀nba ọmọ ni wọ́n ń mú, ẹni tó bá sì lẹ́tọ̀ọ́ sí Pell nìkan ni, ìyẹn ni pé ìdajì yàrá yẹn ò gbọdọ̀ tiẹ̀ fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ gbogbo wọn ló ń kọ ẹ́sè. Odindi September lọ lórí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí ìkankan gbà, mi ò sì dá wọn lẹ́bi fún ìyẹn, ṣebí bí wọ́n ṣe ń tajà náà nìyẹn, orúkọ ńlá ló ń fa òbí wọlé.

Ohun tó dùn mí ni pé ẹnu wọn ò kan èyí tó wà lábẹ́ imú wa. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ni mo ti gbọ́ ọ, arábìnrin kan tí a jọ jókòó sídìí tábìlì kan náà ló ń bi mí pé ṣé o ti kọ̀wé sí sẹ́nítọ̀ yín. Mo ní sẹ́nítọ̀ wo, kí ni mo fẹ́ ṣe lọ́dọ̀ sẹ́nítọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Àṣé ní Maryland yìí, sẹ́nítọ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní owó sikọ́láṣíìpù tó ń pín fún àwọn ọmọ tó ń gbé ní àgbègbè tiẹ̀, àwọn delegate, ìyẹn aṣòfin ilé kejì ní ìpínlẹ̀, náà ní tiwọn. Sẹ́nítọ̀ kan lẹ ní, delegate lè tó mẹ́ta, ìyẹn ni pé ẹnu ọ̀nà mẹ́rin lẹ lè kàn. FAFSA tẹ́ ẹ ti ṣe wúlò níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì ní fọ́ọ̀mù tiwọn, ẹ máa pe ọ́fíìsì wọn ni kẹ́ ẹ béèrè. A kọ ọ́, méjì dá wa lóhùn. Kì í ṣe owó ńlá o, owó ìwé ni, àmọ́ owó ìwé náà lowó. Nígbà tí mo dé Sátidé tó tẹ̀ lé e tí mo bi ọ̀gá ètò yẹn, wọ́n ní àwọn rò pé gbogbo wa ti mọ̀. Ká ní mo ti mọ̀, kí ni mo wá ṣe lọ́dọ̀ yín?

Màmá FAFSA náà ló tún kó wa yọ. Wọ́n sọ fún wa pé láti 2017, Maryland ló kọ́kọ́ ṣòfin ní gbogbo Amẹ́ríkà pé tí ọmọ bá rí sikọ́láṣíìpù gbà níta, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ìpínlẹ̀ yìí ò gbọdọ̀ torí ẹ̀ gé owó tí wọ́n fẹ́ fún un tẹ́lẹ̀, àfi tí àpapọ̀ owó ọ̀fẹ́ ẹ̀ bá ti ju iye ìrànwọ́ tí wọ́n ṣírò pé ó nílò lọ, tàbí kí ẹni tó fún un ní sikọ́láṣíìpù yẹn fọwọ́ sí i. Wọ́n ní tí ọmọ yín bá ń lọ sí ilé ìwé aládàáni tàbí ìpínlẹ̀ míì, ẹ kọ́kọ́ béèrè kẹ́ ẹ tó máa jó. Wọ́n sì ní sikọ́láṣíìpù yòówù tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ẹ sá fún un.

Ti iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú ńkọ́? Ní Maryland, ọmọ ò lè gba ìwé ẹ̀rí háì sukúù láìṣe wákàtí 75, àwa la sì kọ́kọ́ sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ìpínlẹ̀, láti 1992. Ní D.C. tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, 100 ni. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ni ọmọ máa ń ṣe láti middle school láìmọ̀, inú kíláàsì ni wọ́n ti ń kà á fún un. Tiwa ku wákàtí méjìlá. Èmi ní kò sí wàhálà, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lọmọ yìí ń ṣe ọ́ṣà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ju méjìlá lọ. Wọ́n ní rárá o, iṣẹ́ ìsìn ò wọ inú ẹ̀. Àmọ́ oúnjẹ tí ṣọ́ọ̀ṣì ń pín fún ará àdúgbò ní Sátidé, tí ẹnikẹ́ni lè wá gbà, ìyẹn lè wọlé tí ilé ìwé bá ti fọwọ́ sí i ṣáájú. Ẹ gbọ́ “ṣáájú” yẹn dáadáa, ẹ má ṣe é tán kẹ́ ẹ tó lọ béèrè.

Níbi tí mo ti fẹ́ máa yìn wọ́n lórí ìyẹn ni wọ́n ti gbé ìwé kan wá, àwòrán mèremère, ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́wàá láti lọ kun ilé ìwé lọ́dàá ní Ghana, $2,800, ọkọ̀ òfuurufú ò sí nínú ẹ̀. Wọ́n ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Mo yí ojú mi wo àwọn òbí tó jẹ́ ará Ghana, wọ́n ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi kúrò ní West Africa, kí n tún san $2,800 kí ọmọ mi lọ kun ògiri níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá? Tó bá fẹ́ kun ògiri, ilé ìyá mi wà n'Íbàdàn, ọ̀dà ibẹ̀ ti ṣí.

Ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo ẹ̀ ti wá dà rú ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí ń pawó. Ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ní sọ́ọ̀bù oúnjẹ kan látìgbà tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lórí sáìtì ọ́fíìsì iṣẹ́ ìpínlẹ̀, gbogbo ọmọ tí kò bá tíì pé méjìdínlógún ní Maryland gbọ́dọ̀ gbà á, èmi náà buwọ́ lù ú. Ó kọ́kọ́ ń di ẹrù sínú báàgì, wọ́n wá gbé e sídìí ẹ̀rọ owó. Ìrọ̀lẹ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, Sátidé lẹ́yìn kíláàsì yìí. $15 ni wákàtí, òun ni ìjọba ìpínlẹ̀ fi lélẹ̀ láti January 2024. Ọjọ́ tí kò bá lọ ibi iṣẹ́, òun ló ń gba àbúrò ẹ̀ nílé ìwé torí iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe.

Ẹ wá wò ó, bọ̀dá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ kóòṣì ẹ́sè wọn, ọmọdé ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó gbé Common App ọmọ mi, fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń kọ̀wé sí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń kọ ohun tí ọmọ ń ṣe, àyè mẹ́wàá ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 150 lọ. Ó ní kó yọ iṣẹ́ sọ́ọ̀bù kúrò, ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ò nílò kí wọ́n mọ̀ pé ó ń di ẹrù fún èèyàn, kó fi àwọn ìrìn àjò bíi ti Ghana yẹn rọ́pò ẹ̀. Èmi náà, kí n sọ òótọ́, mo gbà pẹ̀lú ẹ̀. Ojú ń tì mí tẹ́lẹ̀. Nínú ọkàn mi, tí wọ́n bá rí i pé ọmọ ń ṣiṣẹ́ sọ́ọ̀bù, wọ́n á ní àwọn òbí ẹ̀ ò rí jẹ. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, ọmọ tó ń kàwé, ìwé ni kó máa kà. Mo tiẹ̀ ti sọ fún un pé kó má sọ fún àwọn ará ilé.

Ọmọ náà ò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀ lọ bá Màmá FAFSA ní yàrá kejì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi jáde, wọ́n ní kí bọ̀dá yẹn wá, wọ́n ní kí èmi náà wá. Wọ́n tẹ ibi tí ọmọ ti ń mú irú iṣẹ́ tó ń ṣe, àwọn orúkọ yọ sísàlẹ̀, wọ́n ní kí n kà á sókè. Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún wà níbẹ̀. Ojúṣe nínú ẹbí náà wà níbẹ̀, ó dá dúró fúnra ẹ̀. Wọ́n ní ta ló fi í síbẹ̀, ẹ rò pé ó ṣèèṣì ni? Wọ́n ní àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù yìí mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ráàyè lọ kun ògiri kiri. Bọ̀dá yẹn ní ohun tí wọ́n kọ́ òun kọ́ nìyẹn. Èmi ò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Iṣẹ́ sọ́ọ̀bù bọ́ sí nọ́ńbà kìíní, gbígba àbúrò ẹ̀ bọ́ sí ìkejì.

Bọ̀dá yìí náà ló fẹ́ kó kọ ẹ́sè nípa bó ṣe rékọjá òkun. Ọmọ tí wọ́n bí sí Silver Spring, òkun wo ló rékọjá, àfi odò Potomac. Mo rò pé gbogbo ọmọ tórúkọ ẹ̀ bá ti ní Olú ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ọmọ ò kọ ọ́. Ohun tó kọ ni ìyá arúgbó kan tó máa ń wá sídìí ẹ̀rọ ẹ̀ tó ń fi kọ́ìnì sanwó, tó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn tó wà lẹ́yìn ń kùn, tí òun wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá àwọn tó ń kùn yẹn sọ̀rọ̀ kí ìyá náà má gbọ́ pé wọ́n ń kùn. Ọ̀rọ̀ 650 ló pọ̀ jù tí wọ́n gbà, tiẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kà á fún mi, mo ní ṣé ó ti parí ni? Ó ní ó ti parí. Mo ní kò sí ibi tó ti gba ẹ̀bùn nínú ẹ̀? Ó ní Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Ó wọ mẹ́rin nínú ilé ìwé méje tó kọ̀wé sí. Mi ò lè búra pé ẹ́sè yẹn ló gbé e wọlé, máàkì ẹ̀ náà dáa, àmọ́ mo mọ̀ pé bí a bá tẹ̀ lé ti bọ̀dá yẹn, ọmọ míì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ì bá gbà, kì í ṣe tèmi.

Nípa bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè níbi iṣẹ́, wọ́n kọ́ wọn dáadáa, ọjọ́ méjì. Àwọn ọmọ wa kì í wo àgbà lójú, a ti kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ nílé, àwọn tó ń fúnni níṣẹ́ níbí á sì rò pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́. Wọ́n ní kí wọ́n wo iwájú orí ẹni náà, ní àárín ìpéǹpéjú méjèèjì, yóò rò pé ojú òun lẹ ń wò. Ọgbọ́n yìí, èmi náà ti ń lò ó níbi iṣẹ́ mi. Fọ́ọ̀mù W-4 ti owó orí àti I-9 tó ń fi hàn pé èèyàn láṣẹ láti ṣiṣẹ́ níbí, ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n lò lórí ẹ̀, ó kéré, àmọ́ ó sàn ju òfo.

Sátidé kan tó kù tí mi ò gbọ́dọ̀ fò ni ti April, nígbà tí lẹ́tà owó ti dé. Ilé ìwé kan tí mi ò ní dárúkọ fi lẹ́tà ránṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn ti fún ọmọ mi ní $31,000. Mo ti pe ìyá mi, ìyá mi ti pe pásítọ̀. Màmá FAFSA gbé bírò pupa, wọ́n fa ìlà sídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. $9,000 ni owó ọ̀fẹ́. $2,500 jẹ́ work-study, ìyẹn ni pé ọmọ máa ṣiṣẹ́ kó tó rí i, tí kò bá sì ríṣẹ́ kò ní rí i. $5,500 jẹ́ lóònù tó wà lórúkọ ọmọ, òun ló pọ̀ jù tí ìjọba lè yá ọmọ tó wà lábẹ́ òbí lọ́dún àkọ́kọ́, $3,500 nínú ẹ̀ ni ìjọba máa ń san èlé ẹ̀ nígbà tó bá ṣì wà nílé ìwé. $14,000 tó kù, Parent PLUS ni. Orúkọ mi ni. Gbèsè tèmi ni wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀bùn. Mo jókòó. Mo ní kí ọmọ bá mi pe ìyá mi padà.

Ibi tí kò fi ọ̀rọ̀ gígùn ṣe, tó jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀, tí owó ọ̀fẹ́ ibẹ̀ kéré sí $9,000 yẹn lójú, àmọ́ tí iye tó kù fún wa láti san ò tó ìdajì ti ibi àkọ́kọ́, ibẹ̀ la mú.

Ó yá, máàkì: mo fún wọn ní mẹ́ta àtààbọ̀ nínú márùn-ún. Ọ̀kan àtààbọ̀ tí mo yọ, ti SAT àti ti bọ̀dá yẹn ni, ti sẹ́nítọ̀ náà wà nínú ẹ̀. Mẹ́ta àtààbọ̀ tó kù, ti Màmá FAFSA ni gbogbo ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ kàwé níbí, tẹ́ ẹ sì mọ bí nǹkan ṣe ń lọ, ẹ má san $1,450, ilé ìwé háì sukúù máa ń ṣe alẹ́ FAFSA lọ́fẹ̀ẹ́, láíbìrì ìjọba náà máa ń ràn wá lọ́wọ́, káńsẹ́lọ̀ á fún yín ní dẹ́dìláìnì tẹ́ ẹ bá béèrè. Tó bá jẹ́ bíi tèmi ni ẹ rí, tí ẹ̀rù ń bà yín, tí iṣẹ́ alẹ́ lẹ sì ń ṣe, ẹ san án, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá màmá yẹn ṣì wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní wọ́n ti lọ, ẹ pa dà sílé.

Àbúrò ẹ̀ ń wọ kíláàsì 10 ní September. Mo ti lọ bá wọn pé kí wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́ fún mi: Sátidé FAFSA, Sátidé lẹ́tà owó, bébà kàlẹ́ńdà, kí n san $300. Wọ́n ní àwọn kì í gé e. Mo ní ó dáa, $350. Wọ́n ní àwọn máa pè mí.